Ìtumọ̀ àti ìlò "e.g.": ohun tí ọ̀rọ̀ Èjìgbò fi yé wa

Lẹ́tà méjì péré ni, e àti g, tí àmì ìdánudúró tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Láti inú èdè Látìn ni àwọn Òyìnbó ti mú un. "Exempli gratia" ni wọ́n gé kúrú, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "nítorí àpẹẹrẹ". Tiwa ní èdè Yorùbá ni "bí àpẹẹrẹ", "gẹ́gẹ́ bí" tàbí "bíi". Ẹni tí ó bá kọ ọ́ ń sọ fún òǹkàwé pé díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ni òun fẹ́ dárúkọ, pé àwọn mìíràn ṣì wà lẹ́yìn tí òun kò kà.

Ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń ṣì mú fún un ni "i.e.", tí òun náà jẹ́ Látìn, "id est", èyí tí í ṣe "ìyẹn ni pé" lọ́dọ̀ wa. Èyí kò mú àpẹẹrẹ wá rárá. Ó ń tú ọ̀rọ̀ tí a ti sọ ṣáájú ni, ohun tí ó bá sì kà sílẹ̀ náà ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ní ẹgbẹ́ onílé kan ní Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Èkó, lẹ ìwé mọ́ géètì àdúgbò pé: "Ọkọ̀ ńlá, e.g. tírélà àti tàǹkà, kò gbọdọ̀ wọlé lálẹ́." (Ẹni tí ó bá mọ Èjìgbò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tàǹkà kì í ṣe àwàdà níbẹ̀, nítorí ibùdó epo tí ó wà ládùúgbò náà.) Bí awakọ̀ típà bá wọlé lóru, kò lè sọ pé wọn kò dárúkọ ọkọ̀ tòun, nítorí pé típà náà jẹ́ ọkọ̀ ńlá, àpẹẹrẹ lásán sì ni méjì tí wọ́n dá. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá ṣèèṣì kọ "i.e.", ọ̀rọ̀ ti yí padà. Awakọ̀ náà yóò ní tírélà àti tàǹkà nìkan ni wọ́n kọ̀, ẹnu kò sì ní rọrùn láti fi dá a lóhùn.

Ní èdè Yorùbá, "bíi" ni ó yẹ kí á ṣọ́ra fún jù. Bí olùkọ́ bá ní "àwọn ọmọ bíi Táíwò àti Kẹ́hìndé ni mo fẹ́ rí", ṣé Táíwò àti Kẹ́hìndé gan-an wà nínú àwọn tí ó ń pè, àbí àwọn tí ó jọ wọ́n ni ó ń wá? Kò dá wa lójú. "Bí àpẹẹrẹ" kò ní ìṣòro yìí, nítorí pé ohun tí ó bá dárúkọ ti wà nínú agbo ná. Bẹ́ẹ̀ sì ni "bíi" tí ó bá ṣáájú iye kì í mú àpẹẹrẹ wá mọ́: "bíi ogún ènìyàn" kò ju pé wọ́n tó ogún tàbí kí wọ́n súnmọ́ ọn. Ní ti "fún àpẹẹrẹ", ó ti wọ́pọ̀ lẹ́nu wa báyìí, àmọ́ etí tèmi ṣì ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀. Kò sì sí ìdí tí a ó fi kọ "bí àpẹẹrẹ" síwájú kí á tún fi "abbl." parí gbólóhùn kan náà, ọ̀kan nínú wọn ti tó.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti mú owó àti agbára dání ni inú òfin. Abala 318 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 lo "includes" nígbà tí ó ń túmọ̀ ìjọba: ó dárúkọ ti àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀, títí kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ń lo agbára ní orúkọ wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ ni. Abala 3 ní tirẹ̀ ti ìlẹ̀kùn. Ó ní ìjọba ìbílẹ̀ 768 ni yóò wà ní Nàìjíríà, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ 6 ní Àbújá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe to orúkọ wọn sínú àfikún àkọ́kọ́. Kò sí "bí àpẹẹrẹ" níbẹ̀. Ogún ni ti Èkó, Òṣòdì-Ìsọlọ̀ sì wà nínú wọn.

Ní ọdún 2003, ìjọba Gómìnà Bọ́lá Tinúbú fi 37 kún ogún náà, a sì yọ Èjìgbò lára Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Lẹ́yìn ìbò ọdún 2004, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá, ọdún 2004, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dájọ́ pé Ààrẹ kò ní àṣẹ láti dá owó náà dúró. Wọ́n sì tún ní Èkó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì parí, àfi bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bá tún orúkọ inú òfin tò. Èkó wá sọ 37 náà di ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè. Ìgbà tí Ààrẹ Umaru Yar'Adua dé ní ọdún 2007 ni owó náà tó jáde.

Ní ọjọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 2025, Èkó dìbò ní ìjọba ìbílẹ̀ àti onídàgbàsókè 57, Èjìgbò pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá sì ṣí àfikún àkọ́kọ́ yẹn yóò rí orúkọ Èjìgbò níbẹ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n kọ ọ́ sí. Èjìgbò tọ̀hún ni.