Gírámà Òyìnbó Nílẹ̀ Yorùbá: Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí máa ń bi àwa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nígbà tí a bá gba ìsinmi: "Ṣé ẹ lè bá wa kọ́ ọmọ yìí ní gírámà?" Gírámà tí wọ́n ń wí kì í ṣe ti Yorùbá rárá. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní Ayọ̀bọ̀, bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìpájà wọlé, pátákó ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni ẹ ó máa rí lọ́tùn-ún lósì. Kò sì ṣòro láti rí kíláàsì tí ọmọ tó bá sọ Yorùbá níbẹ̀ yóò ti san owó ìtanràn tàbí kí ó jẹ ẹgba. "Fanákúlà" ni wọ́n ń pe èdè ìyá rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbàgbọ́ ni pé Yorùbá ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ìtàn wò, bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ọ̀rọ̀ "gírámà" pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1859 ni ìjọ CMS dá Grammar School sílẹ̀ ní Èkó. Akẹ́kọ̀ọ́ 6 péré ló fi bẹ̀rẹ̀, Àlùfáà T. B. Macaulay, ọkọ ọmọ Samuel Àjàyí Crowther, sì ni ọ̀gá wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ gírámà mìíràn tẹ̀ lé e káàkiri ilẹ̀ wa. Lónìí, Gẹ̀ẹ́sì tó bá ti ta kókó, gírámà ni à ń pè é.

Ṣùgbọ́n kí gírámà tó ní ilé ní Èkó, Àjàyí ti kọ́ ọ lókèèrè. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Ọ̀ṣoògùn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Òun fúnra rẹ̀ ròyìn pé lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà, òun ti ń ka Májẹ̀mú Titun lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1827, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ Fourah Bay. Nígbà tó di 1843, ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fi gírámà sí i. Ní 1852, ó tún tẹ òmíràn tó gbòòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ kíyè sí ohun tó ṣe: ó gbé èdè méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí olùkàwé lè rí ibi tí wọ́n ti jọra àti ibi tí wọ́n ti pínyà.

Àmì ìkọ̀wé náà bá ọ̀nà yìí wá. Ní oṣù Kejìlá 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọdún 1860 ni Gẹ̀ẹ́sì tó wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, ará Abẹ́òkúta tó mọ̀wé kà lè kọ́kọ́ rí kọ́mà àti fúlúsítọ́ọ̀pù nínú èdè tó gbọ́, kó tó bá wọn pàdé nínú èdè àlejò.

Ìjọba ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 so owó ìrànwọ́ mọ́ kíkà àti kíkọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ka èdè abínibí sí. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ owó ní láti ti Gẹ̀ẹ́sì síwájú. Láti ìgbà náà ni Yorùbá ti ń di ohun tí a ń fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

Kí ni olùkọ́ pàdánù nígbà tó fi í sílẹ̀? Ẹ wo àṣìṣe tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣe. Ó lè kọ ọ́ pé "My father is inside. They are sleeping." Olùkọ́ á fi bírò pupa fa igi sí i. Àmọ́ ọmọ náà kò gọ̀. Bàbá rẹ̀ kì í ṣe "ó" lẹ́nu rẹ̀, "wọ́n" ni. Ọ̀wọ̀ ló gbé wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá kọ "My sister came. He brought bread," "ó" ló ṣe é, nítorí "ó" wa kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Bí ó bá kọ "three book," ìwé mẹ́ta ló ń rò: "mẹ́ta" ti sọ iye, kò sí ohun tí à ń so mọ́ "ìwé". Bí ó bá kọ "I go yesterday," ó mọ̀ pé "mo lọ" ti tó láti sọ ohun tó ti kọjá. Ẹnì kan ní láti sọ fún un pé nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ ló ń pa awọ dà, tí "go" fi ń di "went".

Bákan náà ni àmì ìkọ̀wé. "Ṣé" àti "ǹjẹ́" ti ń kéde ìbéèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, kí àmì ìbéèrè tó dé ìparí. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ṣé". Ó máa ń gbé ọ̀rọ̀ ṣípò: "You are coming" á di "Are you coming?" Ẹ tún wo àmì kékeré tó wà nínú "don't". Ìwé Yorùbá àtijọ́ máa ń lò ó dáadáa: "l'oko", "n'ile". Ó ń sọ fún wa pé fáwẹ́lì kan ti jẹ níbẹ̀. Àkọtọ́ òde òní so wọ́n pọ̀ di "lóko" àti "nílé", ṣùgbọ́n ọmọ tó bá rí ìwé àdúrà ìyá àgbà rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ àmì náà tán.

Wọ́n ti dán ọ̀nà yìí wò rí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ yìí kò gbẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ní 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ni ní Yorùbá. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e. Àlàyé mínísítà ni pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò ní àwọn agbègbè tó ti ń lo èdè abínibí. Ní tiwa, a rò pé kí á kọ́kọ́ bi ara wa bóyá ìwé wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà, bóyá olùkọ́ wọn gba ẹ̀kọ́ṣẹ́, bí ti Ifẹ̀, kí á tó di ẹ̀bi ru èdè.

Nítorí náà, bí òbí kan bá pè wá ní ìsinmi tó ń bọ̀ yìí pé kí á wá kọ́ ọmọ òun ní gírámà, ẹ má ṣe jẹ́ kí á kọ̀. A kàn ní láti gbé Yorùbá dání lọ ni. Bí ọmọ náà bá kọ "they" fún bàbá rẹ̀, kí á kọ́kọ́ yìn ín pé ó mọ ọ̀wọ̀, kí á tó fi "he" hàn án.