Ọjọ́ Gobnait: Láti Ìdájí Dé Alẹ́ Lẹ́bàá Kànga Mímọ́ Ballyvourney

Aago méje òwúrọ̀, ọjọ́ 11 oṣù Èrèlé. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ ní Ballyvourney, abúlé kan ní ìwọ̀-oòrùn Cork, lápá gúúsù Írẹ́lándì, níbi tí èdè àbáláyé ilẹ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu ọmọdé àti àgbà. Lákòókò ọdún yìí, oòrùn kì í yọ níbẹ̀ kí aago méje àbọ̀ tó kọjá. Síbẹ̀, ẹni tó ní ibi iṣẹ́ í lọ ti ń gun òkè kékeré tó wà ní gúúsù abúlé, torí pé ọjọ́ àjọ̀dún Ẹni Mímọ́ Gobnait lòní. Ọjọ́ tí mò ń tò lẹ́sẹẹsẹ yìí kì í ṣe ti ọdún kan pàtó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún ni mò ń sọ.

Aago mẹ́jọ. Ère òkúta Gobnait ti hàn kedere. Séamus Murphy, gbajúmọ̀ agbẹ́kùúta ará Cork, ló gbẹ́ ẹ ní 1951: obìnrin kan nínú aṣọ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn, ó dúró lórí ilé oyin, oyin sì yí i ká. Ìtàn ló fa oyin yìí. Wọ́n ní nígbà tí àwọn olè wá kó màlúù àwọn ará àdúgbò, Gobnait tú oyin sí wọn, wọ́n fi màlúù sílẹ̀, wọ́n bẹ́sẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń sin oyin ṣì ń pè é ní alágbàwí wọn dòní.

Iwájú ère yìí ni ìrìn àdúrà ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ka Bàbá Wa, Mo Kí Ọ Màríà, àti Ògo ni fún Baba, wọ́n á tún un kà, wọ́n á sì máa yí ibi mímọ́ kọ̀ọ̀kan po pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún síhà ohun tí wọ́n ń yí po. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kọ́ kò ní kí ẹnikẹ́ni darí òun. Àlejò tí kò mọ̀ ọ́n a máa tẹ̀lé àgbà tó wà níwájú rẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án. Nítòsí ère náà ni ìpìlẹ̀ ilé òkúta roboto kan wà, ilé Gobnait ni wọ́n ń pè é. Ní 1951 kan náà, M. J. O'Kelly, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, wa ilẹ̀ ibẹ̀, ó sì rí àpẹẹrẹ pé wọ́n ti yọ́ irin níbẹ̀ rí. Alágbẹ̀dẹ ti ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbàdúrà lónìí. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi lọ́kàn jù níbẹ̀ ni àmì àgbélébùú tó wà lára àwọn òkúta. Kò sí ẹni tó fi irinṣẹ́ gbẹ́ wọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá parí àdúrà a mú òkúta wẹ́wẹ́, a fi há ojú ilà tí ẹlòmíràn ti há ṣáájú rẹ̀, a sì gbé òkúta náà sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilà náà ṣe jinlẹ̀ láti ìran dé ìran. Lójú tèmi, kò sí àkọsílẹ̀ ìjọsìn ilẹ̀ Írẹ́lándì tó ṣeé gbára lé ju èyí lọ.

Aago mẹ́wàá. Wọ́n ti dé itẹ́ òkú, níbi tí wọ́n gbà pé a sin Gobnait sí. Ìtàn ní erékùṣù Inis Oírr ló wà nígbà tí áńgẹ́lì ní kó máa lọ, kó má dúró àfi níbi tó bá ti rí àgbọ̀nrín funfun mẹ́sàn-án tó ń jẹko. Ó rí mẹ́ta ní Clondrohid, ó rí mẹ́fà ní Ballymakeery, ó kọjá. Ballyvourney ló ti rí mẹ́sàn-án pé. Ibẹ̀ ló tẹ̀dó sí, ibẹ̀ náà ló sì kú sí.

Lẹ́yìn ibojì, wọ́n á yí àwókù ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ po. Ère obìnrin kékeré kan wà lókè fèrèsé rẹ̀ tí wọ́n ń na ọwọ́ kàn. Òkúta roboto kan sì wà nínú ògiri. Wọ́n ní òun ni Gobnait fi ń wó ilé olódi tí ajẹgàba kan ń kọ́ sódìkejì àfonífojì, tí òkúta á sì tún padà sọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sán gangan. Èèyàn ti pọ̀. Wákàtí yìí ni mo máa ń rántí Dónal Cam O'Sullivan Beare, olóyè ilẹ̀ Írẹ́lándì tó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jagun. Ní òpin 1602, lẹ́yìn tí ogun ti ṣẹ́ òun àti àwọn èèyàn rẹ̀, ó kó nǹkan bí 1,000 èèyàn jáde ní Glengarriff, ọkùnrin, obìnrin, àti ọmọdé, wọ́n forí lé Leitrim ní àríwá nínú òtútù. Wọ́n yà ní Ballyvourney, wọ́n gbàdúrà sí Gobnait, wọ́n sì fi ọrẹ sílẹ̀. Ẹni 35 ló dé Leitrim.

Ní 1601, Póòpù Clement Kẹjọ ti fọwọ́ sí ìbẹ̀wò ọjọ́ àjọ̀dún yìí, ó sì so oore-ọ̀fẹ́ mọ́ ọn. Ní 1704, ilé aṣòfin Dublin, tó wà lọ́wọ́ àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, ní tirẹ̀ ṣòfin pé ẹni tó bá bá àwọn èèyàn pé jọ síbi kànga mímọ́ yóò san ṣílè mẹ́wàá, tí kò bá sì rówó san, kí wọ́n nà án. Òfin lè ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó lè lé fadá kúrò nílùú. Kànga kò nílẹ̀kùn, ìrìn náà kò sì nílò fadá. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ló gbé e, ìdí nìyẹn tí kò fi parun. Wọ́n ṣì ń ka kànga mímọ́ tó nǹkan bí 3,000 káàkiri Írẹ́lándì.

Aago kan sí méjì. Ìsàlẹ̀, lẹ́yìn itẹ́ òkú, ni kànga Gobnait wà, ibẹ̀ ni ìrìn parí sí. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ka àdúrà ìkẹyìn, wọ́n á bu omi mu. Ẹlòmíràn a rọ ọ́ sínú ìgò fún aláìsàn tó wà nílé. Aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà tí àwọn kan fi sílẹ̀ wà nítòsí, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bi ẹnì kejì pé kí ló gbé e wá.

Ọ̀sán ti ń rọ̀. Rìbọ́ọ̀nù ló kù. Ère onígi kan wà níkàáwọ́ ìjọ, ti ọ̀rúndún kẹtàlá, kò ga tó mítà kan, ọjọ́ orí sì ti jẹ ojú rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, wọ́n á gbé e jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èèyàn á na rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ látorí dé ẹsẹ̀ ère, á tún fi yí i ká, á sì ká a sápò. Ìwọ̀n Gobnait ni wọ́n ń pè é. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dun ọmọ lóṣù mélòó kan sígbà yẹn, wọ́n á so ó mọ́ ọn lọ́rùn.

Kí aago mẹ́fà tó lù, oòrùn ti wọ̀. Àwọn tó ṣíwọ́ iṣẹ́ ṣì ń gòkè bọ̀, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ níwájú ère.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Írẹ́lándì, tàbí tí ẹ lẹ́bí níbẹ̀, ọ̀nà tó ti Cork lọ sí Killarney ló gba ìtòsí ibẹ̀. Ẹ mú rìbọ́ọ̀nù dání, ẹ wọ bàtà tó lè gba ẹrẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àgbà tó ṣáájú yín ṣe tirẹ̀ tán kí ẹ tó sún mọ́ omi.