Èròjà nano tí à fi ń rí sẹ́ẹ̀lì: ohun tó jẹ́ àti ohun tí kì í ṣe

Sẹ́ẹ̀lì inú ara kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ. Kí wọ́n lè rí èyí tó ń ṣàìsàn láàárín èyí tó dára, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń fi èròjà nano sàmì sí i. Nanomítà kan ni ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan mílímítà. Irun orí kan ṣoṣo nípọn tó nǹkan bí 80,000 nanomítà.

Oríṣi kan wà tí irin òòfà ń fà. Irin àti ọ́síjìn ló wà nínú rẹ̀, bíi ti irin tó dógùn-ún. Ní 1996, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀kan tó ń jẹ́ Feridex fún àwòrán ẹ̀dọ̀ lórí ẹ̀rọ MRI, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tà á níbẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá gún un sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbálẹ̀ ẹ̀dọ̀ á gbé e mì, ẹ̀dọ̀ tó dára á sì ṣókùnkùn nínú àwòrán. Ibi tí jẹjẹrẹ wà kì í sábà ní irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, nítorí náà á dá yàtọ̀.

Oríṣi kejì ń tàn bíi tanátaná bí a bá tan iná sí i. Èyí tó kéré ń tan búlúù, èyí tó tóbi ń tan pupa. Iṣẹ́ lórí rẹ̀ ni Moungi Bawendi, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Tùnísíà, Louis Brus àti Alexei Ekimov fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2023. Ṣùgbọ́n májèlé kádímíọ̀mù wà nínú púpọ̀ nínú rẹ̀, torí náà inú láàbù ni wọ́n ti ń lò ó jù.

MRI ń rí ìsàlẹ̀ ara, kò sì lè fi sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan hàn dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ ń fi í hàn, ṣùgbọ́n kì í la ẹran ara kọjá jìnnà. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń pa méjèèjì pọ̀ sójú kan.

Nítòsí wa, àwọn olùwádìí LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ kéde ní 2016 pé àwọn fi èèpo kòkó, irú èyí tí àgbẹ̀ Àkànrán ń dà sóko, ṣe fàdákà nano. Kòkòrò àrùn àti ọmọ ẹ̀fọn ni wọ́n dán an wò lé lórí, kì í ṣe àwòrán.

Ẹni tí dókítà bá ní kó lọ ṣe MRI, kó sọ bí irin tàbí ẹ̀rọ kankan bá wà lára rẹ̀, bí kíndìnrín bá ń dùn ún, tàbí bó bá lóyún. Ẹni tó bá sì ń ta omi tàbí ẹ̀gbà ọrùn “nano” fún jẹjẹrẹ, ẹ má dá a lóhùn. Àmì tí à fi ń rí àrùn ni èròjà tí a sọ yìí. Kì í ṣe oògùn rẹ̀.