Ọnà Ara Ilé ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Kí sìmẹ́ǹtì tó gba orí omi dé etí ọ̀sà wa, ilé tí a bá rí ọnà lára rẹ̀ kì í ṣe ilé ẹni yẹpẹrẹ. Ọba, aláṣẹ èkejì òrìṣà, ni ó ni òpó gbígbẹ́ àti ìlẹ̀kùn tí a fín ẹlẹ́ṣin sí. Ìjòyè tí ó bá sì fẹ́ irú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀, àṣẹ ni yóò kọ́kọ́ gbà, nítorí pé kọ̀bì tí ó yọrí síwájú ààfin kò tọ́ sí ilé mẹ̀kúnnù, bí ó ti wù kí ó lówó tó. Ìdílé Òpómúléró tilẹ̀ ń bẹ tí ó fi òpó ilé ṣe oríkì, tí ó sì ń fi í yangàn di òní olónìí. Nínú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ayé ìgbà náà, n kò mọ ẹni tí ó ta Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ Èkìtì yọ: ìlẹ̀kùn tí ó gbẹ́ sí ààfin Ogògà Ìkẹ́rẹ́ rìn dé àpéwò Wembley ní Lọ́ńdọ́nù ní 1924, ojú àwọn òyìnbó kò sì lè kúrò lára rẹ̀ mọ́, àfi ìgbà tí wọ́n ṣe ìtẹ́ fún Ogògà ní pàṣípààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn Àgùdà ni wọ́n tú ẹ̀tọ́ ọba àti ìjòyè lórí ọnà ilé yìí ká. Ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire ni púpọ̀ nínú wọn, tí ogun kó lẹ́rú dé Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì, tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà níbẹ̀, tí wọ́n sì padà wá tẹ̀dó sí Èkó Àkéte ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ni ó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, 1894. Ẹni tí ó bá sì wo iwájú rẹ̀ yóò rí i pé irú ọwọ́ tí ó mọ ilé ìjọsìn Páàdì ní òkè òkun ni ó mọ ti Mùsùlùmí yìí.

Láti Èkó, ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé àṣà náà kiri. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ ti Èkó kúrò lórí ìtẹ́ ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó sá sí pẹ̀lú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn rẹ̀, Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú wọn. Ìyẹn ni pé ìyekan àti ẹ̀sìn ti so Èkó àti Ẹ̀pẹ́ pọ̀ kí a tó sọ ti òwò. Ìkòròdú ní tirẹ̀ ni èbúté Rẹ́mọ, tí epo àti obì ń gbà lọ, tí aṣọ òyìnbó àti iyọ̀ ń gbà bọ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn oníṣòwò Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú sì fẹ́ kí a wo tiwọn dáadáa. Wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alápáànù tí ọ̀nà kan là á já láàárín, wọ́n tẹ orí fèrèsé rẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ya òdòdó àti ewé yí i ká, wọ́n sì kọ ọdún ìkọ́lé sí ògiri òkè. Ẹlòmíràn gbé kìnnìún sí iwájú ilé, ẹranko tí bíríkìlà tí ó mọ ọ́n kò fojú rí rí. Bóyá ìdí nìyẹn tí ojú púpọ̀ nínú àwọn kìnnìún náà fi jọ ti ajá!

Irú èyí, kí oníṣòwò fi ọnà ara ilé fi ọlá rẹ̀ hàn, ti ṣẹlẹ̀ ní Ṣáínà. Ní Huizhou, òfin àwọn ọba Ming kò gba gbáàtúù láàyè láti fẹ ilé rẹ̀ tayọ ìwọ̀n, àwọn oníṣòwò iyọ̀ sì da owó wọn sórí igi, òkúta àti bíríkì fífín. Ẹja wà nínú ohun tí wọ́n ń fín láti tọrọ ọ̀pọ̀. Bí ibẹ̀ bá jẹ́ Ẹ̀pẹ́ ẹlẹ́ja ni, ta ni yóò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀?

Àwọn kan a máa sọ pé sìmẹ́ǹtì pa iṣẹ́ ọnà. N kò gbà. Ohun tí ó pa á ni ìkánjú. Bíríkìlà àtijọ́ ń fi ọwọ́ ya òdòdó kọ̀ọ̀kan lórí ògiri tútù, nígbà tí sìmẹ́ǹtì ṣì ń gba orí òkun wá, tí ó sì wọ́n. Ní 1960 ni ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Ewékorò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nítòsí wa, ó sì di ohun tí gbogbo ènìyàn ń rà, tí wọ́n sì ń kánjú lò. Lónìí, òpó kúkúrú tí a ń tò sí iwájú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti wà lẹ́bàá títì, gbogbo rẹ̀ jáde láti inú fọ́ọ̀mù kan náà, onílé yóò sì ka iye tí ó bá fẹ́ sínú ọkọ̀.