Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú: pẹ́dà bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò eré ìje

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹni tó ń kánjú la sábà máa ń pa òwe yìí fún: ọmọ tó fẹ́ pín ogún nígbà tí baba ṣì ń jẹun, ọkùnrin tó ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ há sí. Ó ti wá dà bí ẹni pé ohun tí òwe náà ń wí kò ju pé ká rọra. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣe pé ìrọra nìkan ni, kí ló pa òwe yìí pọ̀ mọ́ ẹni tó ń wa mọ́tò eré ìje, tó jẹ́ pé eré ni wọ́n ń torí rẹ̀ pè é? Síbẹ̀, abẹ́ ẹsẹ̀ onítọ̀hún gan-an, níbi tí pẹ́dà bíréèkì àti ti kílọ́ọ̀ṣì wà, ni òwe náà ti ń ṣẹ láìku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ jẹ́ ká ti Owódé mú un. Owódé Yewa ni mò ń wí o, kì í ṣe ti Ẹ̀gbá, kì í sì í ṣe Owódé Onírin tí wọ́n ti ń ta páàtì mọ́tò ní Èkó. Ojú ọ̀nà tó ti Ọ̀tà wá, tó ń lọ sí Ajílété àti Ìdírókò, ló wà. Ibẹ̀ náà ni ọ̀nà Ìlaròó ti yà. Títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, apá òsì títì la máa ń gbà ní Nàìjíríà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ wa. Apá ọ̀tún làwọn ará Dàhómì, tí à ń pè ní Benin báyìí, ń gbà ní tiwọn, bí Faransé ti kọ́ wọn. Awakọ̀ tó bá ti Owódé lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nígbà náà, lẹ́nu ibodè ló ti ń yí apá padà. Nígbà tí ìjọba wá ní kí gbogbo wa bọ́ sápá ọ̀tún, ọ̀nà yí padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n sítíárìn àwọn mọ́tò tó wà nílẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Títí dòní, mọ́tò tó bá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Japan wá, apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ máa ń wà, àwọn mẹkáníìkì kan sì wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n tú sítíárìn àti pẹ́dà, kí wọ́n gbé wọn lọ sápá òsì.

Ọmọ ìyá kan náà ni iṣẹ́ yìí àti iṣẹ́ ẹni tó ń to pẹ́dà mọ́tò eré ìje. Àwọn méjèèjì ló ń lu ihò tuntun sára irin tó pààlà sáàárín ẹ́ńjìnnì àti awakọ̀, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe àkọ́kọ́ máa ń wà. Bí irin yẹn bá fẹ́lẹ́, tí wọn ò sì jó irin mìíràn mọ́ ọn lẹ́yìn, yóò máa tẹ̀ nígbàkigbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Agbára tó yẹ kó lọ bá táyà á wá parí sára irin. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọṣẹ́ fi máa ń ní kí ẹnì kan jókòó kó tẹ bíréèkì gírígírí, kí òun alára wá tẹjú mọ́ irin náà, bóyá ó ń mì.

Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ pé eré ìje mọ́tò jìnnà sí wa. Ní Kódìfuà, ìdíje mọ́tò tí wọ́n ń pè ní Bandama le débi pé ní 1972, kò sí mọ́tò kan tó parí rẹ̀. Nígbà tó di apá kan ìdíje àgbáyé ní 1978, Jean-Pierre Nicolas ará Faransé ló gbà á, Peugeot 504 ló sì fi gbà á. Onílẹ̀kùn méjì ni tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì V6 ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mọ̀lẹ́bí ni òun àti 504 tí wọ́n máa ń tò ní Kàdúná nígbà kan, èyí tó kó àwọn bàbá wa lọ sóde ìnáwó kiri.

Ẹ jẹ́ ká padà sábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀. Pẹ́dà fúnra rẹ̀, ọ̀pá lásán ni. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ibi tó ti ń yí dé ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ẹ tún wọn ibi tó ti ń yí dé ibi tó ti ń ti ọ̀pá mástà sílíńdà, ìyẹn ilé irin tí písítìnì inú rẹ̀ ti ń ti òróró lọ sára bíréèkì. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà ti èkejì, ẹsẹ̀ tó fi agbára kílò 40 tẹ pẹ́dà á ti ọ̀pá náà pẹ̀lú 240. Ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́fà ló wọ́pọ̀ nínú mọ́tò eré ìje tí kò ní bọ́ọ̀sítà tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rìn jìnnà kí bíréèkì tó mú. Ti sílíńdà náà kò rí bí ojú ṣe ń rí i. Ọ̀pọ̀ ló rò pé èyí tó bá tóbi ló lágbára jù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ẹsẹ̀ kan náà bá tẹ méjèèjì, èyí tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó 5/8 ínṣì á ti òróró le ju èyí tó fẹ̀ tó 3/4 lọ, pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún.

Nínú mọ́tò eré ìje, méjì ni mástà sílíńdà bíréèkì máa ń jẹ́, ọ̀kan fún táyà iwájú, ọ̀kan fún ti ẹ̀yìn. Ọ̀pá kan tó gba inú pẹ́dà kọjá ló ń pín agbára ẹsẹ̀ fún wọn. Bí ènìyàn méjì bá fi igi gbé ẹrù, ẹni tí ẹrù bá sún mọ́ ló ń ru jù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀pá yìí ń ṣe. Tí a bá yí i kí pẹ́dà lè sún mọ́ sílíńdà iwájú, táyà iwájú á gba púpọ̀. Iwájú ló sì yẹ kó kọ́kọ́ há, nítorí bí táyà ẹ̀yìn bá ṣáájú há, ìdí mọ́tò á fẹ́ ya orí sílẹ̀. Ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ dúró gbọọrọ nígbà tí ẹsẹ̀ bá wà lórí bíréèkì, kì í ṣe nígbà tí kò sí nǹkan tó kàn án. Àwọn tó ń dì í pinpin kó má baà mì ló ń bà á jẹ́, torí ó ní láti ráyè mì kó tó lè pín agbára.

Àìfẹ́ràn kí nǹkan mì yìí ló gbé wa dé ojúlé òwe. Mẹkáníìkì tó gbẹ́kẹ̀ lé apá rẹ̀ á máa yí ọ̀pá mástà sílíńdà títí kò fi ní sí ààyè kankan láàárín òun àti písítìnì. Ojú rẹ̀ á wálẹ̀, torí bíréèkì ń mú ní kété tí ẹsẹ̀ bá kàn án. Àmọ́ ihò tín-ín-rín kan wà nínú sílíńdà, ibẹ̀ ni òróró ń gbà padà sínú agolo rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá kúrò. Bí ọ̀pá bá ti ti písítìnì síwájú díẹ̀, ihò yẹn ti dí. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ nígbà tí mọ́tò bá wà lójú kan. Ẹ jẹ́ kó sáré yí pápá lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin: bíréèkì á gbóná, òróró á wú, kò ní ríbi gbà, bíréèkì á bẹ̀rẹ̀ sí í mú fúnra rẹ̀, ìyẹn á sì tún mú un gbóná sí i. Pẹ́dà á máa ga, á máa le, títí táyà yóò fi há. Ó le koko nìyẹn, kì í ṣe àfiwé. Ààyè tí ì bá gbà á sílẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lẹ́nu ọ̀pá, èyí tí ẹsẹ̀ á mọ̀ bíi mẹ́fà lórí pẹ́dà. Ìwọ̀n bíńtín yẹn ni mo pè ní ẹ̀sọ̀, kò sì dá eré mọ́tò kankan dúró.

Ti kílọ́ọ̀ṣì kò gùn. Bí kò bá sí ààyè, bíárìn rẹ̀ á máa yí láìsinmi, pílétì á máa yọ̀. Bí ìrìn pẹ́dà bá sì pọ̀ jù, ẹsẹ̀ á ti àwọn ìka sípíríìnì kọjá ibi tó yẹ, wọ́n á sì kán. Nítorí náà la fi ń rọra tẹ̀ ẹ́ títí jíà á fi wọlé láìké, ká fi díẹ̀ lé e, ká wá de bóòtù kan síbẹ̀ tí pẹ́dà ò ní lè kọjá. Ọ́pà àti lóà, bí àwọn mẹkáníìkì wa ṣe ń pe sílíńdà òkè àti ti ìsàlẹ̀, gbọ́dọ̀ bára mu. Bí wọ́n bá gbé ọ́pà mọ́tò kan fún lóà mọ́tò mìíràn, gbogbo ìwọ̀n yìí ti dàrú.

Ó wá ku òróró. Omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ ni òróró bíréèkì ń fà mu. DOT 4, irú òróró bíréèkì kan, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n tó bá ti mumi, ó lè hó ní 155°C. Ìfóòfó á wọnú páìpù, pẹ́dà á sì rì lọ ràì. Ní Yewa, nígbà òjò, agolo tí wọ́n ti ṣí láti oṣù tó kọjá, bó tiẹ̀ ṣì kún dé ọrùn, kì í ṣe ti mọ́tò eré ìje mọ́. Ẹ ra òmíràn, kí ẹ sì má tú ìdérí rẹ̀ títí tí ẹ fi máa dà á.