Alárinà ní Ilé-Ìkàwé Yunifásítì

Olùtọ́jú ilé-ìkàwé ni a máa ń pe ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìwé ní yunifásítì, orúkọ náà sì bá iṣẹ́ àtijọ́ mu. Òfin kan ní 1950 pa á láṣẹ kí ẹ̀dà ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ ní Nàìjíríà máa lọ sí ilé-ìkàwé Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, èyí tí à ń pè ní Ilé-Ìkàwé Kenneth Dike lónìí. Ẹni tí irú ìṣúra bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, olùtọ́jú ni lóòótọ́.

Iṣẹ́ ti yí padà. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì kó máa kà wọ́n. Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ló wá ń gbéra lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wọn, tó ń béèrè ohun tí wọ́n ń wádìí. "Liaison librarian" ni Gẹ̀ẹ́sì pè é. Ẹlòmíì lè pè é ní aṣojú ilé-ìkàwé, àmọ́ n kò fara mọ́ ọn, nítorí ti ẹni tó rán aṣojú níṣẹ́ nìkan ló ń sọ. Alárinà ló tọ́. Alárinà mọ ilé méjèèjì, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó kúrò láàárín: bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀bá. Ohun tí à ń fẹ́ náà nìyẹn, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè dá wá nǹkan fúnra rẹ̀.

Èyí tó le jù láti túmọ̀ ni "information literacy". "Ìmọ̀ ìròyìn" kò ṣe é lò, torí létí Yorùbá, ìròyìn ni èyí tí wọ́n ń kà lórí rédíò. Ẹ wo iṣẹ́ náà gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ tẹ "ibà" sínú Google, èsì rẹpẹtẹ ya lù ú. Òṣìṣẹ́ jókòó tì í, ó ní kó wo ẹni tó kọ ọ́, ọdún tó kọ ọ́, ibi tó ti rí ẹ̀rí, kó tó mú ọ̀kan kó fi ìyókù sílẹ̀. Wíwá ni, yíyàn ni. Mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ti wà lẹ́nu gbogbo wa tẹ́lẹ̀. Kí ló wá ní ká má sọ pé mọ̀ọ́wá-mọ̀ọ́yàn?

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ṣe gudugudu méje fún èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ti ilé-ìkàwé ṣì wà nílẹ̀. Ó wù mí kí àwọn tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ilé-ìkàwé jókòó ti àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá, kí wọ́n sì fi "outreach" ṣáájú, torí ìpolongo tí àwọn kan ń lò fún un, ọ̀rọ̀ ìbò àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń mú wá síni lọ́kàn.