Ọtí láàárín àwọn ọmọ ogun ní ilẹ̀ Yorùbá

Ọtí ti wà nínú ìgbé ayé àwọn jagunjagun Yorùbá láti ayébáyé. Ẹmu àti ajá ni wọ́n fi ń bọ Ògún, òrìṣà irin àti ogun. Ìtàn Ìrè-Èkìtì ló fi agbára ẹmu hàn jù: Ògún ti ojú ogun dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó bá àwọn ará ìlú níbi àpèjọ tí a kì í ti í sọ̀rọ̀, akèrègbè ẹmu tó wà níbẹ̀ sì ṣófo. Ó rò pé wọ́n tàbùkù òun, ló bá fa idà yọ sí àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tí ìbínú rẹ̀ rọ̀, ó kábàámọ̀, ó sì wọlẹ̀ lọ. Ìkìlọ̀ ńlá ni fún ẹnikẹ́ni tó bá di ohun ìjà mú.

Yàtọ̀ sí ẹmu, ní sẹ́ńtúrì 19, jíìnì àti rọ́ọ̀mù ń gba èbúté Èkó wọlé, ìjọba amúnisìn sì ń rí owó bodè ńlá lórí wọn. Nígbà tó yá, ìjọba yìí kan náà sọ ògógóró tí ọmọ ilẹ̀ ń pọn di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ìwà ìrẹ́jẹ gbáà ni.

Lóde òní, mámì máàkẹ́ẹ̀tì ni ojúkò ọtí nínú bárékè, títí kan ti Ìkẹjà. Iṣẹ́ oúnjẹ títà tí àwọn ìyàwó sọ́jà ń ṣe ló bí i. Ará ìlú náà ń lọ síbẹ̀ lọ mu bíà, kí wọ́n sì jẹ ẹja yíyan.